Ilé Màmá Tí Mo Kọ́ Sínú Awò

                                                  Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé,
                                                  Àdúgbò Oníṣẹ́-Ọwọ́.
                                                  Ọjọ́ Ẹtì, ìparí oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi àtàtà, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ẹsẹ̀ tó máa ń wú bí o bá ti dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn? Ṣé ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù yín ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, àbí ojú tó le bíi pátákó ṣì ni ó ń gbé wá síbi iṣẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí àbíkẹ́yìn ti ń gbé oúnjẹ mì, àbí ó ṣì ń kó o pa mọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀kẹ́rẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àna mi ọlọ́yàyà? Mo kí gbogbo yín, mo kí yín tayọ̀tayọ̀, bí ayọ̀ tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ mi lásìkò yìí.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Màmá ti sọ fún ọ pé mo wọ́ àwọn jáde nínú ilé tí Bàbá kọ́ fún àwọn, pé mo jù àwọn sínú ọkọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, pé ó dájú pé mo fẹ́ ta ilé náà ni. Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, èmi náà ò ní gbé fóònù. Ṣùgbọ́n àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Gbọ́ tèmi náà. N ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá mú un láti àárín, wàá ní ibi tí mo ti já bọ́ láti orí àkàbà, orí ni mo fi gúnlẹ̀.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí àkàbà ti yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, orí àga ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi wà nínú nǹkan funfun gbagidi tí àwọn dókítà fi dì í, mo nà án síwájú bí ẹni tó ń ta á. Káfíńtà tí kò lè dúró, kí ló tún kù tí yóò ṣe? Mo ń wo àjà. Mo ti mọ gbogbo pákó tó wà lókè orí mi, mo mọ èyí tí wọ́n kàn ní wíwọ́, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo kàn án. Nígbà tó yá, ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀m̀pútà ní ilé ìtẹ̀wé, ní, "Bàbá mi, ẹ ti ka àjà yìí tán o. Ẹ jẹ́ kí n mú yín jáde láì jẹ́ pé ẹ dìde." Ó gbé awò dúdú ńlá kan dé, tó dà bí èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń bojú, ó fi bò mí lójú, ó fi igi kékeré méjì alábọ́tìnnì sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe wọ ayé orí ayélujára nìyẹn. Ayé inú awò ni èmi ń pè é.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yan ara. Àbúrò mi, ṣé o ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan ara bí ẹni yan bàtà rí? Mo yan ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí kò ní ikùn, mo sì fún un ní irun tí orí mi ti gbàgbé tipẹ́. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé, ògiri ni mo kọlù. Èkejì, mo wọ inú odò lọ, mo ń rìn nísàlẹ̀ omi láàárín ẹja, mo sì ń pariwo nínú pálọ̀ mi pé kí wọ́n wá fà mí jáde. Nígbà tí mo rí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fò, mo fò, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Orí òrùlé onílé ni mo dúró sí bí ológbò títí ọmọ mi fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ọjà wà níbẹ̀, òpópónà wà níbẹ̀, oòrùn tí kì í wọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo ń kí, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrìn, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi. Ẹnìkan tó ní orí ẹṣin nìkan ló dá mi lóhùn, èdè tó fi dá mi lóhùn kò sì yé mi.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Ẹsẹ̀ mi dá ní ayé tiwa yìí, ṣùgbọ́n mo ń sáré ní tọ̀hún. Mo tilẹ̀ pe ọkọ rẹ lórí fóònù pé kó wá ra awò tirẹ̀, kí a jọ máa ṣeré níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Onífìlà. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Fìlà aláwọ̀ ewé tó máa ń dé ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo há sáàárín ilẹ̀kùn kan lọ́jọ́ náà, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn, ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan létí mi, ní èdè wa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí apá ọ̀tún." Bí ènìyàn bá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, ṣe ni ọkàn rẹ̀ máa ń tú bí okùn. Ohùn rẹ̀ tutù, sùúrù rẹ̀ pọ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ máa rìn gbéregbère, pé kí n gba ilẹ̀ kí n kọ́lé.

Mo bi í pé irú ilé wo.

Ó ní, "Ilé tí ẹ mọ̀ jù lọ, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ni ọwọ́ yín á fi yá."

Èwo ni mo mọ̀ ju ilé Màmá lọ? Mo kọ́ ọ bí Bàbá ṣe kọ́ ọ. Mo ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn, mo ṣe fèrèsé tí ìkan rẹ̀ kì í pa dé, mo ṣe ilé ìdáná tó dá dúró lẹ́yìn. Mo ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ìdábùú onígi tí Bàbá fúnra wọn gbẹ́, èyí tó máa ń yọ bí ènìyàn bá fi èjìká gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ láti ìta. O rántí pé báyẹn ni àwa méjèèjì ṣe máa ń yọ́ wọlé bí a bá ṣeré pẹ́. Mo fi ìyẹn náà han Onífìlà, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ká kọ́ òpópónà tó wà níwájú ilé sí i, kí ilé má dá dúró bí ẹni tí wọ́n lé nílùú, ni mo bá júwe àdúgbò fún un, títí kan ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó bi mí pé àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀. Mo ní Màmá nìkan ni. Ó bi mí pé pákó ilẹ̀ wo ló máa ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni Màmá máa ń sun oorun ọ̀sán, ó ní kí òun lè bá mi ṣètò ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bó ṣe máa ń rí lákòókò náà. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń yin iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ta ní í bi í pé kí ló ń wá?

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí. Mo tì í. Lọ́jọ́ kejì, àga tí mo gbé sí pálọ̀ ti wà nínú yàrá Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo bi Onífìlà, ó ní bí ayé ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í dúró, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo gbé e láìmọ̀. Mo gbà. Kí ni mo mọ̀?

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo wọlé láì sọ fún un. Àwọn mẹ́ta kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò ní ojú. Aláwọ̀ eérú ni wọ́n, irú ara tí wọ́n máa ń fún ẹni tí kò tíì yan tirẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n tọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yẹra fún pákó tó máa ń dún, wọ́n dé yàrá Màmá, wọ́n dúró, wọ́n padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún padà. Wọ́n ń ṣe é bí ẹgbẹ́ akọrin tó ń kọ́ orin tuntun. Mo ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin ta nìyẹn?" Gbogbo wọn dúró. Wọ́n kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo tún máa wò ó, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó síbẹ̀. Kò pẹ́ ni Onífìlà dé. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tó dáa kì í ṣàìní olùwòran." Ó yí ká yàrá náà, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó wá ní, "Ó ti pé tán. Ó ku ajá. Ẹ ò tíì fi ajá pupa yẹn síbẹ̀."

Àbúrò mi, o mọ̀ pé Màmá ò tíì gba ajá yẹn pẹ́. Wẹ́dà aládùúgbò wọn ló fún wọn. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, n kò tíì fojú kàn án, n kò sì dárúkọ ajá fún Onífìlà rí. Èmi gan-an ò mọ̀ pé pupa ni.

Mo já awò lójú. Mo pe Màmá. Ìkánjú jẹ́ kí n pe ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kíní.

Mo ní, "Màmá, àwọ̀ wo ni ajá yín?"

Wọ́n ní, "Pupa ni. Ṣé ìwọ náà ti fẹ́ máa sin ajá ni?"

Mo bi wọ́n bóyá àlejò kankan wá. Wọ́n ní arákùnrin kan tó ní òun ń yẹ wáyà iná wò wá lánàá, pé ọmọlúàbí ni, pé ó kí àwọn dáadáa, pé ó yẹ gbogbo yàrá wò. "Ó tilẹ̀ yin ilé wa. Ó ní, 'Màmá, ilé yín rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi.'"

Mo ní, "Ta ló ròyìn rẹ̀ fún un?"

"Ṣé kí n wá bi í ni? Mo fún un lómi mu. Jẹ́ kí n lọ sùn jàre, oorun ti ń kùn mí."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sùn, kí wọ́n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Wọ́n ní wẹ́dà ti lọ ra irin, pé àwọn kì í sì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n pa fóònù. Ni mo bá pariwo pe ọmọ mi láti ilé ìtẹ̀wé, ó sáré wá ọkọ̀, ó gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá mi, a sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, lójú mi ó dúró gbagidi ni.

A débẹ̀ nígbà tí oòrùn ń yẹ̀ kúrò lórí. Ajá ò gbó. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọmọ mi ti rí i, ó sùn lọ fọnfọn, ó ń mí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jí i tó, kò la ojú. Ẹran díẹ̀ tó ṣẹ́ kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, Màmá kò sì fún un lẹ́ran. Mo wo ajá yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀la. Ti ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni.

Òótọ́ ni Màmá sọ fún ọ pé n kò jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà. Òótọ́ ni pé n kò jẹ́ kí wọ́n ká aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹrù ni mí? Ṣé o ti ya wèrè ni?" Mo gbá wọn mú lọ́wọ́, èmi ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọmọ mi gbé ajá sí àyà, a wọ ọkọ̀. Nígbà tí a ń yà jáde ní ìkángun òpópónà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti dúró síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ wo ojú mi, ó sì rọra tẹrí ba fún mi, bí ènìyàn ṣe ń kí ẹni tó mọ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ní ọ̀hún, kò sẹ́ni tó ń gbé ojú ara rẹ̀ wọ̀.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì tó gbọ́ tẹnu wa gbìyànjú. Ó ní, "Bàbá, ilé wo ni wọ́n ti ń rìn kiri yẹn?" Mo ní ilé Màmá. Ó ní, "Màmá wà nínú rẹ̀ nígbà náà?" Mo ní rárá, ilé Màmá tó wà nínú awò ni. Ó wo Màmá, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ mi ló ṣàlàyé títí ó fi tún un gbé. Ó sọ pé òun yóò rán ẹnìkan lọ wo ibẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wẹ́dà ló mú ọlọ́pàá tí wọ́n rán wọlé, òun náà ló sì wá ròyìn fún mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí, wọn ò fọ́ ọ, ìdábùú Bàbá kàn yọ ni. Wọn ò jí ohunkóhun. Rédíò wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àpótí aṣọ Màmá wà ní títì. Wọ́n kàn ká aṣọ ìbora orí ibùsùn sẹ́yìn, wọ́n sì gbé àga kan láti pálọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kọjú sí ìrọ̀rí. Ẹnìkan jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de Màmá. N kò mọ ohun tó fẹ́ bá wọn ṣe. Ọlọ́pàá náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń gba oorun lójú mi gan-an nìyẹn: olè tó wá jí tẹlifíṣọ̀n, mo mọ ohun tó ń wá.

N kò tíì lè sọ ti àga yẹn fún Màmá. Ẹni tí kò sùn sí ibòmíràn rí láti ogójì ọdún, bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, oorun ti parí nìyẹn. Wọ́n jókòó sí yàrá kejì báyìí, wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, oúnjẹ tí mo gbé fún wọn ti tutù. Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n máa ń gbọ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí: bá mi bẹ̀ wọ́n, sọ fún wọn pé n kò ta ilé, pé n kò ní tà á, pé kí wọ́n bá mi jẹun.

Ilé inú awò yẹn, mo ti wó o. Ọmọ mi jókòó tì mí, mo wọlé, mo yọ òrùlé, mo yọ ògiri, mo yọ ibùsùn. Ó dà bí ẹni tó ń sìnkú. N kò rí Onífìlà. Mo pè é, kò jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ó ti tán." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, mo ti fi bírò sílẹ̀ lókè yìí, mo fẹ́ lọ sinmi kí n tó kọ ìkíni ìparí, ni fóònù mi dún. Ọkọ rẹ ló kọ̀wé sí mi. N ó da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ síbí bó ṣe wà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an! Ẹ ò sọ fún mi pé ó dùn tó báyìí. Ẹnìkan ń kọ́ mi, sùúrù rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Mo ti kọ́ ilé wa tán, ó ku yàrá àwọn ọmọ. Ó ní òun àti ẹ̀yin mọra, ó ní kí n bá òun kí yín."

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Kò gbé e. Bí ènìyàn bá wà nínú awò, kì í gbọ́ fóònù. Mo pe ìwọ náà, ó dún títí ó fi já. Bóyá ìbínú ni, bóyá o wà ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ mi ti sáré lọ bá sájẹ́ǹtì. Awakọ̀ tó ń gbé pákó wá fún mi ń lọ sí ìhà ọ̀dọ̀ yín nísinsìnyí, ó ti tan ọkọ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ níbi iṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó má fún ẹlòmíràn, kó sì dúró kí o kà á tán níwájú rẹ̀.

Má ṣe dá lọ sílé. Bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹ jọ lọ. Bí o bá débẹ̀, já awò lójú ọkọ rẹ, má bá a jà, kàn bi í pé kí ni wọ́n ti bi òun àti kí ni òun ti dáhùn. Bi í bóyá ẹnìkan wá yẹ nǹkan wò nílé lọ́sẹ̀ yìí. Kó àwọn ọmọ, má dúró ká aṣọ, má dúró wá bàtà. Bí wọ́n bá sọ pé o ti ya wèrè, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Gbogbo àwọn tó yẹ kí n kí, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní yàrá oògùn, ìyá ọkọ rẹ, àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, bá mi gbà pé mo ti kí wọn. Awakọ̀ ń fun fèrè nísàlẹ̀.

Àwọn ọmọ á ti dé láti ilé ìwé báyìí. Dìde, àbúrò mi.

                                                  Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà,
                                                  Ẹ̀gbọ́n rẹ, Káfíńtà.